Òkúta Tó Ń Rùn Bí Áyù

Mo fi òòlù lu òkúta náà lẹ́ẹ̀kan, mo gbé e sí imú, ó sì rùn bí áyù. Mo gbé e sílẹ̀, mo mú òmíràn nínú àpótí kan náà, mo lu ìyẹn náà. Áyù. Ó ti lé ní ọdún mẹ́ta tí n kò ti fi áyù se ọbẹ̀ lórí òkè yìí, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọwọ́ mi ló ń rùn.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ẹlẹ́rìí," Abẹ́rẹ́ wí lẹ́yìn mi.

Ó ti kí mi bẹ́ẹ̀ nígbà mọ́kànlá láti ìgbà tí ilẹ̀ ti mọ́. Abẹ́rẹ́ ni à ń pe ẹ̀rọ tó ń gún òkè. Ó ga ju ilé alájà méjì lọ, ẹsẹ̀ mẹ́fà ló fi dúró, irin tín-ín-rín kan ló sì máa ń tì bọ inú ilẹ̀, tí òkúta yóò bá a jáde lọ́pàá-lọ́pàá, roboto, bí ìrèké tí wọ́n gé. Ẹni tó kọ́ ọ ní ìkíni gbàgbé láti kọ́ ọ ní ìgbà tó yẹ kéèyàn dákẹ́. Mo dá a lóhùn ṣá. Bí n kò bá dá a lóhùn, ta ni n ó dá lóhùn? Èmi nìkan ni ènìyàn tó wà ní Ìdó-Àpáta. Ilé tó lé ní igba, gbogbo ilẹ̀kùn wọn ló wà ní títì, ewúrẹ́ kan péré kò sì sí níbẹ̀ tí n bá fi ṣe ẹni tí à ń bá jà.

"Oòrùn máa tó kan àtàrí," ni Abẹ́rẹ́ tún wí. "Ọjọ́ kẹta rèé. Òkúta ihò keje ńkọ́, Ẹlẹ́rìí? Ṣé ó kún ni, àbí ó ṣófo?"

"Mo ṣì ń wò ó."

"Ojú mi rí wúrà nínú rẹ̀, bíńtín ni. Kò tó ohun tí òfin ń béèrè. Àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ ló kù. Ẹnu yín ni mo ń wò."

Ẹnu mi ló ń wò lóòótọ́. Láyé ìgbà kan, ẹ̀rọ ló ń ṣe ohun gbogbo, títí àwọn ẹ̀rọ kan fi purọ́ fún àwọn tó ni wọ́n, tí wọ́n sì wó òkè mẹ́rìnlá lulẹ̀ lórí asán. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti fọ́ ojú ẹ̀rọ sí ohun gbogbo àfi wúrà nìkan, wọ́n sì gba ẹ̀rí lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ bíbí òkè náà ni òfin ní kó dúró lórí òkè, kó fọwọ́ kan òkúta, kó gbóòórùn rẹ̀, kó sì sọ̀rọ̀. Bó bá ní ó kún, wọn ó la òkè náà títí yóò fi di kòtò. Bó bá ní gbogbo ihò rẹ̀ ló ṣófo, wọn ó dá òkè padà fún àwọn tí wọ́n kó kúrò lórí rẹ̀. Bí kò bá sọ nǹkan kan títí ọjọ́ kẹta tí òkúta jáde fi kan ọ̀sán, wọn ó gbé òkúta rẹ̀ lọ fún ẹlòmíràn tí òkè náà kò jẹ́ nǹkan kan fún.

Ihò méje ni òfin ní kí wọ́n gún lórí òkè kan. Ihò mẹ́fà àkọ́kọ́, mo ní ó ṣófo, òtítọ́ sì ni mo sọ. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Tèmi kò jù ú lọ, òun gan-an ni.

Mo mú fìtílà àlùkò, èyí tó ń mú kí àwọn òkúta kan tàn nínú òkùnkùn, mo fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo orí àti àpótí òkúta papọ̀ kí ìmọ́lẹ̀ oòrùn má bàa wọlé, mo sì tan fìtílà náà. Inú òkúta náà dáhùn. Àwọn ibi tó jẹ́ funfun lásán lójú ọ̀sán di aláwọ̀ ojú ọ̀run, tótòtó, láti òkè ọ̀pá dé ìsàlẹ̀ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì fún ìgbà pípẹ́. Ó rẹwà tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń wá ẹni tí n ó pè pé kó wá wò ó, n kò sì rí ẹnì kan. Àdáwà burú. Ohun burúkú, èèyàn lè dá a gbé. Ohun tó dára gan-an ni kò ṣeé dá wò.

Alàgbà Ọmọ́dára tó kọ́ mi níṣẹ́ ti di olóògbé báyìí. Ọkùnrin náà kì í pe òkúta ní orúkọ ìwé. Ó ní wúrà kì í dá rìn, pé ọba ni, ó sì ní ẹmẹ̀wà. Ó ní láyé àtijọ́, òkúta yíyọ́ gòkè láti inú ilẹ̀ bí ẹ̀kọ tó ń hó, kò ráyè dé ìta, ó sùn sábẹ́, ó tutù di akọ òkúta. Bó ṣe ń tutù lọ, omi gbígbóná tó kù nínú rẹ̀ wá ibi tí ilẹ̀ ti sán, ó gbabẹ̀ jáde, ó sì ń sọ ẹrù kalẹ̀ bó ṣe ń lọ. Ẹrù tó fẹ́ràn ooru a dúró nítòsí: wúrà, àti èyí tó ń tan àwọ̀ ojú ọ̀run, àti ọ̀kan tó ń dán bí ọrùn ẹyẹlé. Èyí tó ń rùn bí áyù a rìn síwájú díẹ̀ sí i. Òjé àti fàdákà a lọ jìnnà réré. Alàgbà a ní, "Ìbíyẹmí, má wá ọba. Wá àwọn tó ń tẹ̀ lé e, kó o sì máa bá wọn lọ sílé."

Nínú ihò mẹ́fà tó kọ́kọ́ jáde, òjé nìkan ni mo bá, òjé dúdú, ìyẹn àwọn tó jìnnà sílé. Nínú ìkeje yìí, iṣan funfun tò tẹ̀ lé ara wọn bí ojú ìwé, mo sì rí ọrùn ẹyẹlé níbẹ̀, mo rí àwọ̀ ojú ọ̀run, áyù sì wà lára ògiri wọn. Ilé ọba nìyẹn. Èmi tí mo fi ọdún mẹ́ta gbàdúrà pé kí gbogbo rẹ̀ ṣófo, mo jókòó sílẹ̀ lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ibi tí Abẹ́rẹ́ ti gún ihò keje kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ sí kànga ìyá mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti kànga yẹn. Ní Ìdó-Àpáta, odò wà ní òdìkejì òkè, ó jìnnà, àwọn aboyún ló sì ń jìyà rẹ̀ jù. Bí wọ́n bá fẹ́ gbẹ́ kànga nílé wa, iṣan òkúta funfun ni wọ́n máa ń wá, torí ibi tí òkúta funfun bá ti là, omi kì í gbẹ níbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Gbogbo ọmọ ìlú wa ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, bàbá ń sọ ọ́ fún ọmọ. Ìyá mi ló tọ́ka sí ibẹ̀, òun ló kó àwọn agbẹ́lẹ̀ jọ, omi náà sì dùn. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, àtẹ́lẹwọ́ àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í le, ó ń wú gúlegùle, inú ń run wọ́n, wọ́n sì ń kú. Ènìyàn mọ́kàndínlógún. Àwọn tó wá yẹ omi wò ní májèlé wà nínú rẹ̀, wọ́n ní ta ló fi í síbẹ̀. Wọ́n rí agolo oògùn koríko méjì nínú ahéré tí ìyá mi kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Ìyẹn ti tó. Wọ́n kó gbogbo ìlú lọ sí ibùdó tó wà nísàlẹ̀, ìyá mi sì ń gbé níkángun ibùdó náà láti ọdún mọ́kànlá, wọn kì í kí i, wọn kì í sì í bu iná lọ́wọ́ rẹ̀. Òfin ìpadàsílé tún ní ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá wà nínú ohun tó tú ìlú kò ní bá wọn padà.

Nígbà tí wọ́n ń wá ẹlẹ́rìí, kò sẹ́ni tó fẹ́ dá gbé orí òkè. Àwọn ará ibùdó ní kí ọmọ ẹni tó ba ilé jẹ́ lọ tún un ṣe. Mo sì lọ.

Wàyí o, òkúta tó ń rùn bí áyù, májèlé ló wà nínú rẹ̀. Ohun tó ń rùn náà gan-an ni. Omi tó gba inú iṣan funfun kọjá ti ń fọ̀ ọ́ bọ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Kì í ṣe agolo oògùn koríko ló pa ẹnikẹ́ni. Ìyá mi kò pa wọ́n. Ọ̀rọ̀ yìí wà lẹ́nu mi, gbólóhùn kan ṣoṣo ni, gbohùngbohùn ibùdó á sì gbé e dé gbogbo ilé.

Mo bi Abẹ́rẹ́ léèrè bí ẹni tó ń ṣeré, mo ní bí ẹlẹ́rìí kan bá fẹ́ dárúkọ ẹmẹ̀wà kan ṣoṣo ńkọ́, tí kò sì mẹ́nu ba àwọn yòókù.

"Ẹ̀rí kì í lábọ̀, Ẹlẹ́rìí," ló wí. "Ẹni tó bá dárúkọ ẹmẹ̀wà kan ti júwe ilé ọba."

Mo mọ̀ kí n tó béèrè. Bí mo bá dá ìyá mi láre, mo ti wó òkè lulẹ̀ nìyẹn, sàréè àwọn bàbá wa, ilé, odò àti ohun gbogbo. Bí mo bá dá òkè sí, màmá mi ni apààyàn títí ayé. Mo bínú. Mo bínú sí òkúta, mo bínú sí Alàgbà Ọmọ́dára tó kọ́ mi láti mọ̀ ọ́n. Ká ní alábọ̀dé òṣìṣẹ́ ni mí, n kì bá tí mọ nǹkan kan.

Òfin fún mi láyè fóònù ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́. Mo pe ìyá mi. Abẹ́rẹ́ kìlọ̀ pé bí mo bá dárúkọ ohun tí mo rí, òun á pa fóònù náà, mo ní mo ti gbọ́.

Màámi gbé e, a kí ara wa. Ó béèrè bóyá mo jẹun, mo purọ́ pé mo jẹun. Ó ní àwọn ará ibùdó ti ń di ẹrù láti ìjẹta, pé wọ́n ń kọrin, pé ọmọ ẹnì kan tilẹ̀ ṣèèṣì kí òun lánàá kí ìyá rẹ̀ tó fà á lọ́wọ́. Ó rẹ́rìn-ín sí i. N kò lè bá a rẹ́rìn-ín. 

"Àsàbí," ni ó wá pè mí, oríkì mi, "ṣé ó ń rùn ni?"

 Mo wojú Abẹ́rẹ́, mo rò pé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́.

"Ọ̀rọ̀ ẹni tí kò sí lórí òkè, afẹ́fẹ́ ni," Abẹ́rẹ́ wí. "Ẹ má dá wọn lóhùn ṣá."

 Màámi ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ ní tirẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń ṣa ìrẹsì.

"Nígbà tí à ń gbẹ́ kànga yẹn, tí àwọn agbẹ́lẹ̀ lu òkúta, ó rùn bí áyù. Wọ́n ní ta ló ń sebẹ̀ nítòsí ni. Mo ní èmi ni. Bàbá mi máa ń jọ wúrà lódò nígbà tí mo wà lọ́mọdé, òun ló sọ fún mi pé òkúta tó bá ń rùn báyẹn, wúrà kò jìnnà sí i. Mo mọ ohun tí wọ́n ń fi òkè oníwúrà ṣe. Ìdí nìyẹn tí mo fi dákẹ́. N kò mọ̀ pé májèlé ni, Àsàbí, mo fi Ọlọ́run búra. Ìgbà tí àwọn èèyàn ti kú tán ló tó yé mi. Nígbà náà, mo lè lanu kí n wí, kí n dá ara mi láre. Orí òkè ni mo ṣì wà. Ọ̀rọ̀ mi ìbá jẹ́ ẹ̀rí."

Mo ń sunkún, n kò sì fi pamọ́. Ọdún mọ́kànlá. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló kù kí wọ́n máa kí i, ó sì gbé e mì lójoojúmọ́, lójú àwọn tó ń tutọ́ sílẹ̀ bó bá ń kọjá.

"Mo gbọ́ òórùn, mo sì pa á mọ́," ló tún wí. "Ẹ̀bi tèmi wà níbẹ̀, má tan ara rẹ. Ṣùgbọ́n ohun tí mo san tìtorí rẹ̀, má dà á nù. Jẹ́ kí wọ́n lọ sílé."

Mo fẹ́ sọ pé ẹ̀yin ńkọ́, ṣùgbọ́n ìyẹn náà ìbá jẹ́ ìdáhùn. Mo kàn ní, "Mo gbọ́, Màámi." Fóònù sì kú.

Oòrùn ti kan àtàrí. Abẹ́rẹ́ kí mi kú iṣẹ́ ní ìgbà kejìlá, ó ṣí ìwé ẹ̀rí sílẹ̀, iná pupa rẹ̀ tàn. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́ sílẹ̀, ẹnikẹ́ni kò lè ṣà á mọ́. Mo gbé ọwọ́ lé òkúta bí òfin ṣe wí. Òtítọ́ kún ẹnu mi débi pé ó ń dùn mí lẹ́rẹ̀kẹ́.

"Ó ṣófo," ni mo wí.

"Ẹ tún un sọ, Ẹlẹ́rìí."

"Òkúta ihò keje ṣófo. Èmi Ìbíyẹmí, ọmọ Ìdó-Àpáta, ni mo rí i."

Iná pupa di aláwọ̀ ewé. Kò pẹ́ tí mo fi gbọ́ ariwo láti ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ó rí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nítorí ọ̀nà jíjìn, igbe ayọ̀ àti agogo ilé ìjọsìn papọ̀. Mo dúró, mo ń gbọ́ ọ. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń rò pé ọjọ́ tí mo bá gbọ́ ariwo yẹn ni àdáwà mi yóò tán.

Abẹ́rẹ́ ń ká ẹsẹ̀ rẹ̀ jọ. Ó ní òkúta tó ṣófo kì í ṣe ti ìjọba, pé ẹlẹ́rìí ló ni ín, kí n ṣe é bó ṣe wù mí. Ó kí mi pé ó dìgbóṣe, ó yí padà, ó sì ń sọ̀kalẹ̀ lọ láàárín igi. Ẹ máa rẹ́rìn-ín mi, àmọ́ ó ṣe mí bíi pé kí n pè é padà.

Dípò bẹ́ẹ̀ mo lọ gbé bárò. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi ń kó òkúta ihò keje lọ sí kànga ìyá mi. Mo kó ọrùn ẹyẹlé dà sí i, mo kó àwọ̀ ojú ọ̀run dà sí i, mo kó èyí tó ń rùn tẹ̀ lé e. Inú ilẹ̀ kan náà ni gbogbo wọn ti wá, àbọ̀ ilé ni wọ́n bọ̀. Nígbà tí òkúta tán mo fi amọ̀ lé e, mo gún un mọ́lẹ̀, mo sì fi símẹ́ńtì tó kù lábà dí ojú rẹ̀. Màlúù pàápàá kò lè ṣí i. Inú kànga yẹn ni òtítọ́ wà báyìí.

Ọjọ́ kẹta ni àwọn èèyàn dé. Ọkọ̀ wọn kò lè gun ibi gíga náà tán, torí náà ẹsẹ̀ ni wọ́n fi gun ìyókù, pẹ̀lú ẹní, ìkòkò, ọmọ lẹ́yìn, àti orin. Bàbá Ejítóyè ló ṣíwájú wọn. Ọmọ méjì ni omi kànga yẹn gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá náà kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ rí láti ìgbà náà. Ó dúró lórí símẹ́ńtì tuntun, ó wò ó, ó wo àtẹ́lẹwọ́ mi tó ti bó, ojú rẹ̀ sì kún fún omi.

"O fọwọ́ ara rẹ dí i," ló wí. "O ṣeun, ọmọ mi. Ó yẹ kí ẹnì kan nínú ilé yín gbà pé ẹ jẹ̀bi."

Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ṣe àmín. Obìnrin kan bu omi fún mi, omi ibùdó tó gbé bọ̀ nínú kẹ́ẹ̀gì, òun tí kò bu nǹkan kan fún ìyá mi rí. Mo gbà á, mo mu ún. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, ṣùgbọ́n ìjọ́ yẹn n kò tilẹ̀ pàtẹ rẹ̀.

"Ẹ má gbẹ́ kànga mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta funfun, Bàbá," ni mo wí fún un. "Ẹ máa mu ti odò. Ó jìnnà, àmọ́ ẹ máa mu ti odò. Ẹ sọ ọ́ fún àwọn ọmọ."

Ó ní òun ti gbọ́. Ó ní wọ́n ti ya yàrá kan sọ́tọ̀ fún mi nílé wa àtijọ́, fún èmi nìkan. Mo dúpẹ́, mo gbé àpò mi kọ́ èjìká, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀. Ọ̀nà náà kò fẹ̀, gbogbo ìlú ló sì ń gòkè, nítorí náà mo ní láti máa yà fún wọn lẹ́sẹ̀ kan lẹ́sẹ̀ kan. Àwọn kan béèrè pé ibo ni mò ń lọ. Mo ní mò ń bọ̀.

Ibùdó ti dá wáí nígbà tí mo débẹ̀. Wọ́n ti ká gbogbo àgọ́ tán, ilẹ̀ pupa nìkan ló kù, àti ilé kékeré kan níkángun, tí èéfín ń rú lẹ́yìn rẹ̀. Màámi jókòó ti iná, ó ń ro ẹ̀wà. Ó ti dàgbà ju bí ohùn rẹ̀ ṣe máa ń wí lórí fóònù lọ. Mo kúnlẹ̀ kí i, kò béèrè ohun tí mo wá ṣe.

"Ṣé wọ́n ti délé?" ló béèrè.

"Wọ́n ti délé, Màámi. Gbogbo wọn."

Ó mi orí. Ó na ọwọ́, ó mú ọwọ́ mi, ó gbé e sókè lọ sí imú rẹ̀, ó sì mú un dúró síbẹ̀ fúngbà pípẹ́, ojú rẹ̀ ní dídì.

"Lọ fọ̀ ọ́ dáadáa," ló wí, "kó o tó jẹun."